Sátẹ́láìtì ní inṣọ́ránsì, iṣu wa kò ní: ìtàn bí adójútòfò ṣe ń bọ̀ wá sóko

 

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tó ń jẹ́ NigComSat-1 kú sójú ọ̀run. Ohun tó fi ń gba agbára oòrùn ló bàjẹ́. Oṣù karùn-ún 2007 ni wọ́n gbé e lọ sókè láti Ṣáínà, kò tíì pé ọdún méjì tó dé ibẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ra adójútòfò sórí rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní inṣọ́ránsì. Nítorí náà, àwọn ará Ṣáínà tó kọ́ ọ kọ́ òmíràn, NigComSat-1R, wọ́n sì gbé e lọ sókè ní oṣù kejìlá 2011, láìjẹ́ pé Nàìjíríà tún san owó sátẹ́láìtì lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá fi èyí wé oko wa. Bí òjò bá dá lójijì, tí àgbàdo gbẹ mọ́ ìdí ní Tẹdé, tàbí tí iná ọyẹ́ jó oko kaṣú ní Ṣakí, ta ló ń rọ́pò rẹ̀? Ohun tó wà lókè réré, tí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa kò tó, ó ní inṣọ́ránsì. Iṣu tí à ń fọwọ́ ara wa wà, kò ní. Kí ló fà á? Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí ó kan àpò wa gan-an.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA NÍ

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ò wà láìní ààbò. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà, èésú wà, ẹbí sì wà. Bí ilé ẹnì kan bá jóná, ará àdúgbò á gé bẹẹrẹ, wọ́n á bá a bo ilé rẹ̀. Bí iṣu ẹnì kan bá rà, ẹbí á wá ẹ̀bù fún un kó lè tún gbìn.

Kí ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe? Ohun mẹ́ta ni gbogbo ará abà mọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ni oko. Wọ́n mọ bí oko náà ṣe tó, torí ebè ni wọ́n ń kà, igba-igba: ẹni tó kọ igba mẹ́ta kò lè sọ pé igba mẹ́wàá lòun kọ. Wọ́n sì mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni oko bàjẹ́, torí wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn o, a máa padà sí i.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí agbára àáró àti ẹbí pin sí. Bó bá jẹ́ oko ẹnì kan ló bàjẹ́, ẹni mẹ́wàá á gbé e dìde. Bó bá jẹ́ ọ̀dá ni, irú èyí tó mú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1983, ta ló fẹ́ ran ta lọ́wọ́? Oko àna gbẹ, oko ọ̀rẹ́ gbẹ, oníṣòwò tó san àsansílẹ̀ lórí àgbàdo náà ń sunkún. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ inṣọ́ránsì: kí owó wá láti ibi tí ọ̀dá kò dé.

BÍ INṢỌ́RÁNSÌ ṢE DÉ ÈKÓ TÍ KÒ DÉ OKO

Ọkọ̀ ojú omi àti ẹrù inú rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó kọ́kọ́ dójú tòfò wọn ní ilẹ̀ wa. Ní 1921, Royal Exchange Assurance ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Ní 1958, African Insurance Company dé, iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà. Kòkó àti èso ọ̀pẹ tó ti dé èbúté ní inṣọ́ránsì. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí igi lóko, wọn ò ní.

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra àgbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ní orúkọ. Ilé ìtajà ní nọ́ńbà lára. Oko ò ní àdírẹ́sì. Àwọn nǹkan mẹ́ta tí ará abà mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Èkó kò mọ ìkankan nínú wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1987, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò inṣọ́ránsì iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀. Òun ló di NAIC, tí òfin ọdún 1993 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ètò yẹn dára lórí ìwé: lórí àwọn irè oko tí ìjọba fọwọ́ sí, àgbẹ̀ á san ìdajì owó inṣọ́ránsì, ìjọba àpapọ̀ á san 37.5%, ìjọba ìpínlẹ̀ á san 12.5%. Ọ̀dá wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, àgbàrá àti kòkòrò náà wà níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ wa ò fi rí i? Ẹ wo bí Òkè-Ògùn ṣe fẹ̀ tó. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí. Òṣìṣẹ́ inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wá wo oko nígbà tí a gbìn ín, ó tún gbọ́dọ̀ padà wá nígbà tó bàjẹ́. Bí oko bá jẹ́ éékà méjì nínú igbó, owó epo ọ̀kadà rẹ̀ lè ju owó tí àgbẹ̀ san lọ. Ni inṣọ́ránsì bá di ti oko ńlá àti ti ẹni tó yá owó báǹkì.

SÁTẸ́LÁÌTÌ MÉJÌ, IṢẸ́ MÉJÌ

Níbí ni ojú ọ̀run ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì kó má dà wá lójú rú. Sátẹ́láìtì kan wà tó ń wo ilẹ̀, ó ń ya fọ́tò. Òmíràn ń sọ ibi tí o wà fún ọ. Ti ẹ̀kejì yẹn ló wà nínú fóònù wa, tí à ń pè ní GPS.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ṣe GPS. 1978 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ lọ sókè. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ń kéde aago rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Fóònù rẹ ń gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán, ó ń wo bí ìkéde kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó dé, ó fi ń mọ ibi tó wà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1983, ọkọ̀ òfurufú Kòríà kan ṣìnà wọ ojú òfurufú Rọ́ṣíà, wọ́n yìn ín lulẹ̀, èèyàn 269 sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ Reagan sọ pé wọn yóò ṣí GPS sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bà á jẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ológun, tó fi lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣì. Éékà kan, bó bá dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìhà kan rẹ̀ kò ju mítà 64 lọ. Ìyẹn ni pé àṣìṣe yẹn lè gbé oko rẹ sínú oko aládùúgbò. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2000 ni Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìbàjẹ́ náà dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni GPS ti wúlò fún oko.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lè tì í nígbàkígbà. Ìdí nìyẹn tí Rọ́ṣíà fi ní GLONASS, tí Ṣáínà fi parí BeiDou ní 2020, tí Yúróòpù fi ṣe Galileo, tí Íńdíà náà sì ṣe NavIC.

IBI TÍ NÀÌJÍRÍÀ WÀ

Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ NASRDA sílẹ̀ fún iṣẹ́ ojú ọ̀run ní 1999. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-1 gòkè láti Rọ́ṣíà. Èyí ń wo ilẹ̀ ni. Ohun tó bá kéré ju mítà 32 lọ kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò rẹ̀. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ 2011.

A ò ní GPS tiwa. Ṣùgbọ́n NigComSat-1R tí inṣọ́ránsì gbà padà fún wa gbé ẹ̀rọ kan dání tó lè bá GPS tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ dájú lórí ilẹ̀, á wo iye tí GPS fi ṣì, sátẹ́láìtì á sì kéde àtúnṣe náà fún gbogbo agbègbè. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, ASECNA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wò láti orí NigComSat-1R, láti ibùdó tó wà ní Àbújá. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú dán an wò ní Lomé, ní Tógò níbí.

Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń rò o, wọn ò ro ebè. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò. Fóònù wa lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣì ní gbangba. Éékà onímítà 64 lè di mítà 69 níhà kọ̀ọ̀kan. 64 lọ́nà 64 jẹ́ 4,096. 69 lọ́nà 69 jẹ́ 4,761. Ìdá kan nínú mẹ́fà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé yẹn. Bí o bá fẹ́ san owó inṣọ́ránsì lórí éékà, ṣé o fẹ́ san ti ilẹ̀ tí o ò ní?

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ NÍBÒMÍÌ

Ní oṣù kìíní 2010, ní Marsabit ní Kẹ́ńyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta inṣọ́ránsì ẹran ọ̀sìn tí ẹnikẹ́ni kì í wá ka òkú ẹran fún. Sátẹ́láìtì ló ń wo bí koríko ṣe tutù tó. Bí koríko bá gbẹ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi àdéhùn sí, gbogbo ẹni tó rà á ní agbègbè yẹn á gba owó. Nígbà tí ọ̀dá 2011 dé, wọ́n san owó náà.

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2016. Àgbẹ̀ tó ń gbin oúnjẹ ní ìgbà òjò kò san ju 2% lọ, ìjọba san ìyókù. Fọ́tò tí wọ́n yà lóko máa ń gbé àmì ibi tí wọ́n ti yà á dání, tí kò fi sí ẹni tó lè ya oko lágbájá kó pè é ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ pariwo pé owó gbà-má-bínú ń pẹ́ jù, títí ìjọba fi pàṣẹ ní 2018 pé iléeṣẹ́ tó bá pẹ́ á san èlé 12% lé e. Ẹ rí i pé sátẹ́láìtì kọ́ ló ń san owó. Àdéhùn àti òfin ló ń mú kí èèyàn san án.

IBI TÍ OJÚ SÁTẸ́LÁÌTÌ KÒ TÓ

Ẹ rántí nǹkan mẹ́ta wa: ta ló ni oko, báwo ló ṣe tó, ṣé lóòótọ́ ló bàjẹ́? GPS dáhùn ìkejì. Sátẹ́láìtì tó ń wo ilẹ̀ ń gbìyànjú lórí ìkẹta, ṣùgbọ́n agbègbè gbòòrò ló ń wò pọ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé òjò lè rọ̀ lápá kan ojú títì kó má kan apá kejì. Bí ìwé bá sọ pé òjò rọ̀ ní agbègbè yín, tí oko tìrẹ sì gbẹ, o lè má gba kọ́bọ̀.

Inṣọ́ránsì tó jẹ́ ti òjò nìkan kò sì mọ kòkòrò. Ní 2016 ni kòkòrò ajàgbàdo tó wá láti Amẹ́ríkà dé Nàìjíríà. Òjò lè pé kí kòkòrò yẹn sì jẹ ewé tán. Bí màlúù bá jẹ oko, ìyẹn náà kò sí nínú ìwọ̀n òjò.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ta ló ni oko, kò sí sátẹ́láìtì tó lè dáhùn rẹ̀ láé. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyá tó gbin ẹ̀gúsí sórí ilẹ̀ ọkọ, àmì GPS kò mọ̀ wọ́n. Ẹnu ará abà àti ìwé ló mọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá ní ìkankan, orúkọ ẹlòmíì ni owó rẹ̀ máa bá jáde.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍSINSÌNYÍ

1. Ẹ fi fóònù rìn yí oko yín ká ní ọ̀sán gbangba, kúrò lábẹ́ igi. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ èsì méjèèjì sílẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ tún un ṣe.

2. Ẹ ya fọ́tò oko nígbà ìgbìn, nígbà tó tanná àti nígbà ìkórè, kí àmì ibi tí ẹ wà sì wà ní títàn lórí fóònù.

3. Ẹ kọ iye àpò tí ẹ kó lọ́dọọdún. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń kó, kò lè sọ ohun tó pàdánù.

4. Bí ilẹ̀ kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba ìwé kékeré lọ́wọ́ onílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì.

5. Ẹ rà á ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ má dá a rà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

6. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: Kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó, òjò ni àbí ìkórè? Ibo lẹ ń pè ní agbègbè wa? Ṣé kòkòrò àti iná wà níbẹ̀? Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi san án? Ta la máa lọ bá bí ẹ ò bá san? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú.

Nígbà tí sátẹ́láìtì ìjọba kú, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ín, iye tó jẹ́, àti pé ó ti kú. Torí náà ni wọ́n ṣe rọ́pò rẹ̀. Kí oko tiwa náà ní ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣáájú òjò tó ń bọ̀. Ìyẹn ò ná wa ju ìrìn yí oko ká àti ìwé kan lọ.

Ẹ fi han ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe àáró.  Oko á dára, ọjà á tà.