Ìdin Pupa Inú Ọ̀sà Àjàṣẹ́: Ìdí Tí Orúkọ Ìran Nìkan Kò Fi Tó

Ẹni tó bá bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́ sínú asẹ́, tó sì rọra fi omi ṣan án, kò ní pẹ́ rí ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ká ara rẹ̀ kò, tó ń nà án, tó tún ń ká a kò sí òdìkejì. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹja mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ni. Ìdin yìí ló ń di kòkòrò abìyẹ́ tó máa ń rọ́ yí iná ká ní Dowa àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní Àjàṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn èèyàn sì ń pa bí ẹni pa ẹ̀fọn. Kì í ṣe ẹ̀fọn. Kò ní ẹnu gígùn tí ẹ̀fọn fi ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sí ìpẹ́ wínníwínní lára iṣan ìyẹ́ rẹ̀, bó bá sì bà sára ògiri, ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń gbé sókè, nígbà tí ẹ̀fọn ń gbé tẹ̀yìn. Kantíkantí tí kì í jẹni ni, ọmọ ẹbí Chironomidae, ẹbí tó tóbi débi pé àwọn onímọ̀ ti fún ẹ̀yà tó lé ní 7,000 nínú rẹ̀ lórúkọ káàkiri ayé, títí dé ilẹ̀ yìnyín Antarctica.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí omi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ tí ìdin yìí sábà máa ń rí gbà ni “Chironomidae”. Bí olùwádìí bá tún sapá díẹ̀, ó lè di “Chironomus sp.”, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ìran rẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹ̀yà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé fún ọ̀sà bíi ti Àjàṣẹ́, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò tó, ó sì lè ṣi èèyàn lọ́nà. Inú ẹbí ni ìran wà, inú ìran ni ẹ̀yà wà. Ẹ̀yà ló sì mọ iyọ̀ tí ara òun lè gbà àti ẹ̀gbin tí òun lè fara dà.

Ìdí tí àwọn tó ń yẹ omi wò fi ń wá ìdin yìí kiri yé mi. Hìmóglóbìn ló fún un ní àwọ̀ pupa, irú èyí tó mú kí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà pupa, òun ló sì ń jẹ́ kó lè gbé nínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Níbi tí omi gọ́tà àti pàǹtírí ọjà bá ń ṣàn sí, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá mìíràn á kú tàbí kí wọ́n sá lọ, ìdin pupa á sì máa pọ̀ sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìlànà BMWP, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1970, tó ń fún ẹbí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10, fi fún gbogbo ẹbí Chironomidae ní 2 péré. Wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ó rọrùn láti lò, owó rẹ̀ kò pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju asẹ́ àti awò kékeré lọ lè fi ṣiṣẹ́. N kò bá a jà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n odò tí kò mọ iyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í ṣe irú omi bẹ́ẹ̀. Ní 1885 ni wọ́n la ilẹ̀ iyanrìn Cotonou já sí òkun, láti ìgbà náà sì ni omi iyọ̀ ti ń rí ọ̀nà wọ adágún Nokoué. Ojú omi Totchè so Nokoué pọ̀ mọ́ ọ̀sà wa. Ọ̀sà kan náà yìí ló tún gba ìhà ìlà-oòrùn kọjá ní Àgbádárìgì lọ sí Èkó. Bí òjò òkè bá ti rọ̀, tí odò Ouémé sì kún láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, omi odò á ti iyọ̀ padà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò sì fà, iyọ̀ á tún wọlé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àwọn ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ omi wọ̀nyí: Gnohossou kọ ìwé ìgboyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Toulouse ní 2006 lórí ti Nokoué, Adandédjan sì kọ tirẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní 2012 lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà etí òkun. Orí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ tó kàn dúró lé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní a bu ẹrẹ̀ lẹ́nu gọ́tà kan ní oṣù kẹwàá, ìdin pupa kún inú rẹ̀. A padà síbẹ̀ ní oṣù kẹta, a ò rí ẹyọ kan. Ṣé ẹ̀gbin ló dín kù ni? Àbí iyọ̀ ló pa wọ́n? Tàbí ẹ̀yà mìíràn tó lè gba iyọ̀ ló yẹ kó ti bọ́ sípò wọn, tí ẹ̀gbin sì pọ̀ jù fún òun náà? Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè wọ̀nyí ń darí ìjọba ìlú sí, nítorí ẹni tó bá gbà pé ẹ̀gbin ti dín kù kò ní tún gọ́tà kankan ṣe. “Chironomidae: 0” kò lè dá ọ̀kankan nínú wọn lóhùn.

Ẹnì kan lè sọ pé ká lọ bá ìran, ká fi ẹ̀yà sílẹ̀. Ìran náà kò lè gbà wá. Ní etí òkun Yúróòpù, Chironomus salinarius ń gbé inú ọ̀sà oníyọ̀, ìdin rẹ̀ kò sì ní àwọn ọ̀pá rọ̀gbọ̀rọ̀gbọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ ikùn lẹ́bàá ìdí. Àwọn bí Chironomus riparius, tí ń gbé inú omi tí kò ní iyọ̀, ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ méjì-méjì, ìlà méjì. Ìran kan, ìgbé ayé méjì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti Nàìjíríà. Lórí àpáta òkúta líle ní àríwá ilẹ̀ náà, òjò máa ń fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn kòtò, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdin kan ń gbé inú ẹrẹ̀ kòtò wọ̀nyí. F. L. Vanderplank ló kó o, H. E. Hinton ti Yunifásítì Bristol sì fún un lórúkọ ní 1951: Polypedilum vanderplanki. Bí kòtò bá gbẹ, ìdin náà á gbẹ pẹ̀lú rẹ̀ títí omi ara rẹ̀ á fi kù sí nǹkan bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose á sì rọ́pò omi tó lọ. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Hinton fi irú ìdin gbígbẹ bẹ́ẹ̀ sínú òtútù tó sún mọ́ dígírì 270 nísàlẹ̀ òdo, ó fi òmíràn sínú ooru tó ju ti omi híhó lọ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì tún jí nígbà tí omi kàn wọ́n. Àpilẹ̀kọ tó kọ jáde lórí rẹ̀ ní 1960 ló sọ kòkòrò àpáta yìí di ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kiri, pàápàá ní Japan.

Nígbà tí wọ́n ka àbùdá DNA rẹ̀ tán tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, ẹ̀yà mìíràn láti inú ìran kan náà, Polypedilum nubifer, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. P. nubifer bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Ìtumọ̀ gbogbo ìwádìí náà wà nínú ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjì yẹn. Bí ẹni tó kó ìdin àpáta náà bá ti kọ “Polypedilum sp.” sára ìgò rẹ̀, tó sì gbé e sórí pẹpẹ, ohun tó yani lẹ́nu jù nípa rẹ̀ kì bá ti ní ojúkò kan tí ẹlòmíràn lè padà sí. Ẹjọ́ náà kò sì tíì parí: ní 2017 wọ́n fún ìdin mìíràn tó ń gbẹ tó tún ń jí lórúkọ láti Malawi, Polypedilum pembai, tó jọ ti Nàìjíríà gan-an. Ẹni tó bá rò pé orúkọ ẹ̀yà jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn onílé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó wo èyí dáadáa.

Ó tún kan ìlera. Ní Khartoum ní Sudan, Cladotanytarsus lewisi máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ láti inú odò Náílì, àwọn tó bá fà á símú sì máa ń ní àìsàn èémí. Hìmóglóbìn kan náà tí mo dárúkọ lókè ló ń fa wàhálà náà. Dókítà tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò fún aláìsàn ní láti mọ irú èyí tó fà á símú.

Kí ló wá ń dí wa lọ́wọ́? Ohun tó le jù ni pé ìdin la ń rí, àgbà ni ìwé mọ̀. Paul Freeman ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ́ọ̀nù tẹ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí Chironomidae Áfíríkà jáde ní ìpín mẹ́rin láti 1955 dé 1958. Àgbà abìyẹ́, pàápàá akọ, ló fi pín wọn: ìwo orí tó kún fún irun bí ìyẹ́, iṣan ìyẹ́, àti àwọn ẹ̀yà ara ìdí tí akọ fi ń di abo mú, níbi tí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà ti máa ń hàn jù lọ. Claude Dejoux ti ORSTOM, àjọ ìwádìí ilẹ̀ Faransé, tún ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ti adágún Chad. Ní ti ìdin, ìwé tí àwọn olùwádìí wa ń ṣí jù ni ti Wiederholm, ọdún 1983, tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ àríwá ayé. Ó lè mú èèyàn dé ìran. Bó bá kọjá ìyẹn, ìtìjú ni yóò fi dá a padà.

Iṣẹ́ tó lè yanjú èyí kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ìdin kan, ìgò kékeré kan, ẹrẹ̀ àti omi ibi tí a ti mú un, àwọ̀n lẹ́nu ìgò. Ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lè tó kí ìdin Chironomus di abìyẹ́. Nígbà tó bá jáde, a ó ti ní ohun mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹ̀dá kan ṣoṣo: awọ ìdin, awọ tó bọ́ nígbà tó ń hu ìyẹ́, àti akọ tàbí abo fúnra rẹ̀. A ó fi wọ́n sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Orí ìdin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú omi pótáàṣì kí ẹran inú rẹ̀ lè yọ́, ká tó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí eyín ìsàlẹ̀ ẹnu lè hàn. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, ti Chironomus dára láti wò: eyín àárín pín sí mẹ́ta, eyín ẹ̀gbẹ́ tò lọ sọ́tùn-ún sósì, abẹ̀bẹ̀ méjì tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ara wọn sì tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti yà á, tó kọ iye eyín àti gígùn wọn sílẹ̀, tó sì mọ akọ tó jáde láti inú ìdin náà gan-an, ti so ìdin ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ́ orúkọ tí Freeman kọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí orúkọ tó bá a mu, ó lè jẹ́ pé ó ti rí ẹ̀yà tuntun.

Àwọn kan á ní DNA ti dé, kí la tún ń fi eyín wá? Òótọ́ ni pé apá kan nínú DNA, nǹkan bíi lẹ́tà 658 nínú àbùdá COI, ti tó láti ya ọ̀pọ̀ ẹ̀yà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọ̀nyẹn kò ní orúkọ lára. Ẹni tó bá kà wọ́n ní láti wá èyí tó bá wọn mu nínú àkójọ tí ẹlòmíràn ti fi orúkọ sí, bí ẹ̀yà tiwa kò bá sì sí níbẹ̀, èsì tó máa rí ni “Chironomus sp.” lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú owó tó ti ná. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti ara akọ tó wà lórí gíláàsì yẹn tó fún DNA. Iṣẹ́ méjèèjì yẹ kó jọ rìn, gíláàsì ló sì yẹ kó ṣáájú.

Kí gíláàsì wọ̀nyí sì wà nílé. Abomey-Calavi ní yunifásítì, ó sì ní ibùdó IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ti ń kó kòkòrò jọ tọ́jú. Nígbà tí àpẹẹrẹ ẹ̀yà kan bá wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ tó fẹ́ fi tirẹ̀ wé e gbọ́dọ̀ wá owó ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ ìwádìí di “sp.”, ju àìní ọgbọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ẹ̀yà ni a lè wá bi í ní ìbéèrè oṣù kẹta. Kí á tọ́ ìdin ẹ̀yà kan tí a ti fún lórúkọ sínú omi ọ̀sà tí ó mọ́, kí á máa fi iyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé iye tí ọ̀sà ń ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá kú, a jẹ́ pé pípòórá rẹ̀ lẹ́nu gọ́tà kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹ̀gbin, kò sì yẹ ká kà á mọ́ ẹ̀rí pé omi ti mọ́. Bí ó bá yè, tí kò sì sí lẹ́nu gọ́tà náà síbẹ̀, a ní láti lọ yẹ gọ́tà náà wò.