Agbárí Mkwawa àti Òṣùwọ̀n Tí Wọ́n Fi Yàn Án

Ní 1898, Mkwawa, olórí àwọn Hehe ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, yìnbọn pa ara rẹ̀ kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gé orí rẹ̀. Abala 246 nínú ìwé àdéhùn Versailles (1919) pàṣẹ pé kí Jámánì fa agbárí náà lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ láàárín oṣù 6. Oṣù 6 kọjá, ọdún 30 kọjá. Ní 1953, Edward Twining, gómìnà Tanganyika, lọ wá a ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bremen, níbi tí agbárí tò lọ bẹẹrẹ. Ó ti wọn orí àwọn ìbátan Mkwawa ṣáájú. Ìwọ̀n ìbú orí sí gígùn rẹ̀, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn, ni ó fi yan ọ̀kan (ológun ni Twining tẹ́lẹ̀, kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn). Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ìgbà náà fi ń pín ènìyàn sí ẹ̀yà. Kò sì lè sọ ẹni tí ó ni orí. Agbárí tí ọta dá ihò sí kò sì ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn irú ogun bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní 1954, Twining gbé e fún Adam Sapi, ọmọ-ọmọ Mkwawa, ní Kalenga. Àwọn òpìtàn ṣì ń ṣe iyèméjì. Àwọn Hehe ti gbà á ní orí baba wọn.