Dígí Ọlọ́gbọ́n: Ohun Tó Ń Jí I àti Ohun Tó Ń Mú Un Sùn

Dígí ọlọ́gbọ́n ni dígí tó jẹ́ pé ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí ojú ara rẹ̀, yóò sì tún rí aago, ọjọ́, bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí àti àwọn àdéhùn tó ní lọ́jọ́ náà, tí gbogbo rẹ̀ hàn ní lẹ́tà funfun lára dígí. Kì í ṣe idán. Gíláàsì tí wọ́n kun irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí lójú kan ni, èyí tó ń dá apá kan ìmọ́lẹ̀ padà, tó sì ń jẹ́ kí apá kejì kọjá. Mónítọ̀ kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí mónítọ̀ náà bá ti dúdú, ojú ẹni nìkan ni a ó rí. Níbi tó bá ti funfun, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú gíláàsì yọ síta.

Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé ń fọwọ́ ara wọn kàn nílé ni Michael Teeuw, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ó rí dígí kan tí àmì oníná wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìtajà Macy's nílùú New York, ó sì pinnu láti ṣe tirẹ̀. Ọdún 2014 ló gbé àlàyé bó ṣe ṣe é jáde. Lọ́dún 2016, ó tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ lákọ̀tun, ó pè é ní MagicMirror², ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí ìwé ìròyìn The MagPi ní kí àwọn ènìyàn dìbò yan àádọ́ta iṣẹ́ tó dára jù lọ tí wọ́n fi Raspberry Pi ṣe, dígí yìí ló gba ipò kìíní. Raspberry Pi ni kọ̀ǹpútà kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì báǹkì lọ, tí wọ́n gbé jáde láti Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì ọdún 2012.

Kíkan férémù rẹ̀ kò le; káfíńtà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni bí dígí náà yóò ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kó tàn àti ìgbà tó yẹ kó kú. Bí kò bá kú rárá, iná ẹ̀yìn mónítọ̀ yóò máa tàn kódà nígbà tí ojú rẹ̀ bá dúdú, yàrá kò sì ní ṣókùnkùn dáadáa lóru. Iná mànàmáná tó ń jẹ náà ńkọ́? Bí mónítọ̀ bá ń jẹ 20 wáàtì, tó sì tàn fún wákàtí 24, ó ti jẹ 480 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì péré ló fi tàn, 40 ni. Nínú ilé tó jẹ́ pé bátìrì ínfátà ni wọ́n fi ń gbé òru, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀rọ tí wọ́n sábà máa ń lò láti jí i ni sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní PIR. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ni HC-SR501. Kì í ta ìtànṣán kankan jáde, kì í sì í ya fọ́tò. Ìdí nìyí tó fi sàn ju kámẹ́rà lọ nínú yàrá tí ènìyàn ti ń bọ́ra. Ooru ara ló ń wò. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń ta ìtànṣán kan tí ojú wa kò lè rí, inú ẹ̀rọ náà sì pín sí apá méjì. Bí ènìyàn bá rìn kọjá, ooru rẹ̀ yóò kan apá kan kó tó kan èkejì, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀. Gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kì í jẹ́ kí ìtànṣán ooru ara kọjá. Ẹni tó bá fi sẹ́ńsọ̀ pamọ́ sẹ́yìn dígí kí ó má baà hàn ti fọ́ ọ lójú. Bí wọ́n bá ń jó níwájú rẹ̀ kò ní mọ̀. Ihò kékeré nínú igi férémù ni ibi tó yẹ ẹ́, kí ike funfun orí rẹ̀ yọ síta. Bákan náà, ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ tó ń ka ìròyìn lára dígí kò sí níbẹ̀ mọ́ lójú sẹ́ńsọ̀, nítorí ìyípadà ló ń wá, kì í ṣe ènìyàn. Níbi tí ooru yàrá bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ara, bíi yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù n'Íbàdàn ní ọ̀sán oṣù Kẹta, ìyàtọ̀ tó ń wá yóò kéré, kò sì ní ríran jìnnà mọ́.

Wáyà mẹ́ta ló ní. Èyí tó ń gba iná 5 fóòtì lọ sí ẹsẹ̀ kejì lára Raspberry Pi, èyí tó ń dá iná padà lọ sí ẹsẹ̀ kẹfà, èyí tó ń jíṣẹ́ sì lè lọ sí ẹsẹ̀ kọkànlá. Iná 3.3 fóòtì ni sẹ́ńsọ̀ yìí fi ń jíṣẹ́, ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ náà lè gbà nìyẹn. Ẹ̀rọ mìíràn tó bá ń fi 5 jíṣẹ́ lè ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Kọ́ńdó kékeré méjì tún wà lára rẹ̀: ọ̀kan fún bí yóò ṣe ríran jìnnà tó, láti nǹkan bíi mítà 3 sí 7, èkejì fún bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tó bá ti rí ènìyàn. Ó dára kí á yí èyí kejì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú, nítorí iye tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ṣe é yí padà láìtú férémù. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́.

Ìwé àṣẹ kékeré, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní script, ló ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ jẹ́, tó sì ń tan mónítọ̀ tàbí pa á. Ọ̀pọ̀ àlàyé àtijọ́ ní kí á kọ vcgencmd display_power 0 láti pa á. Láti ìgbà tí ètò Raspberry Pi ti yí padà sí Wayland lọ́dún 2023, àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wlr-randr ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀.

Ti òru ni cron wà fún. Láti Bell Labs nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó wà nínú Unix tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1979. Àyè márùn-ún ni a ń kọ fún un: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ nínú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 5 * * 1-5 yóò ṣiṣẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi iṣẹ́ kan náà lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Cron pa dígí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ní aago méjì òru, bàbá ilé dìde láti lọ tọ̀, sẹ́ńsọ̀ rí i, yàrá sì mọ́lẹ̀ yòò. Tàbí kí cron pa á mọ́ ẹni tó ṣì ń di gèlè lọ́wọ́. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan: ìwé àṣẹ sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kó máa tan mónítọ̀, òun nìkan ni kó sì máa pa á. Iṣẹ́ cron ni kó fi fáìlì kan tí a pè ní «oru» sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, kó sì pa á rẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Kí sẹ́ńsọ̀ tó tan dígí, yóò kọ́kọ́ wò bóyá fáìlì náà wà níbẹ̀. Bó bá wà, kò ní jí i. Ẹ fún cron ní àdírẹ́sì gbogbo fáìlì ní kíkún, nítorí kò mọ inú àpò tí ẹni tó kọ àṣẹ náà wà. Ìdí nìyí tí àṣẹ tí a fọwọ́ tẹ̀ tó ṣiṣẹ́ fi lè kọ̀ nígbà tí cron bá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀fìn kan tún wà fún ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ bá kọjá nígbà tí kọ̀ǹpútà kú, cron kì í padà ṣe é. Bí iná bá lọ ní aago márùn-ún, tó sì dé ní aago mẹ́jọ, fáìlì «oru» yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, dígí yóò sì sùn jálẹ̀ ọ̀sán. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú @reboot ló ń wo èyí sàn: nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, kó kọ́kọ́ wo aago, kó sì fi fáìlì náà sílẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́.

Àfi kí aago náà tọ̀nà. Raspberry Pi tó ṣáájú èyí tó jáde lọ́dún 2023 kò ní aago tó ń lo bátìrì. Ti 2023 náà, a ó ra bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń gba àkókò, bí kò bá sì rí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó jí, àkókò tó rántí gbẹ̀yìn ni yóò máa tẹ̀ lé. Bí ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò bá sì yan Africa/Lagos, aago London ni yóò máa lò. Láti ìparí oṣù Kẹta, aago London bá ti Nàìjíríà dọ́gba, kò sì sẹ́ni tí yóò fura. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá dá aago tiwọn padà, dígí tó ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti jáde nílé.