Èèwọ̀ Odò Itchen

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé àwa ọmọ Yorùbá nìkan ni a ní èèwọ̀ nídìí odò. Ní Òṣogbo, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ni omi náà. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti ṣe èèwọ̀ lórí odò rí, láìsí òrìṣà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ni ó bí i, àwọn ọlọ́lá ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Odò Itchen ni mo ń wí.

Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni odò yìí wà. Nítòsí Cheriton ni ó ti sun. Ó gba omi mìíràn mọ́ra ní agbègbè Alresford, ó gba Itchen Abbas kọjá, ó dorí kọ gúúsù, ó la Winchester já, ó sì wọ òkun ní Southampton. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 45. Inú òkúta ẹfun ni omi náà ti ń jáde. Ẹfun yìí ni ó ń sẹ́ ẹ tí ó fi mọ́ gaara. Ẹja trout a kọjú sí òkè odò, a máa dúró de ohun tí omi bá gbé wá. Apẹja ń rí i, ṣùgbọ́n òun náà ń rí apẹja.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á kò jọ ti àwọn apẹja wa tí ń ju àwọ̀n tàbí tí ń dẹ ìgèrè. Wọn a fi òwú ṣẹ́dà, ìyẹ́ àti irun ẹranko wé ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò. Eṣinṣin àtọwọ́dá yìí fúyẹ́. Okùn ni ó wúwo, okùn ni wọ́n sì ń fi ọ̀pá jù, kí eṣinṣin tẹ̀lé e. Kòkòrò tí wọ́n ń fara wé ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ lábẹ́ omi. Bí àsìkò bá tó, yóò gòkè, yóò bọ́ awọ, yóò fò lọ, kò sì ní pẹ́ kú. Nítorí náà, ẹja lè jẹ ẹ́ lójú omi, ó sì lè jẹ ẹ́ lábẹ́ omi. Ibí yìí gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1886 àti 1889, Frederic Halford tẹ ìwé méjì jáde. Ó ní kí apẹja dúró títí yóò fi rí ẹja tí ń jẹun lójú omi, kí ó wá ju eṣinṣin tí ó léfòó sí i láti ìsàlẹ̀ odò. Ìmọ̀ràn náà dára, ó sì ń pa ẹja. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìmọ̀ràn fi di òfin, tí òfin di èèwọ̀. Ẹni tí eṣinṣin rẹ̀ bá rì, aláìmọ̀wàáhù ni lójú wọn. Kí ni ó fà á? Ní tèmi, pípín tí wọ́n pín odò sí abala-abala wà lára rẹ̀. Abala kọ̀ọ̀kan ní olówó tàbí ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso rẹ̀. Àlejò kò sì lè tàpá sí ìfẹ́ onílé.

Bí a bá bá omi náà sọ̀kalẹ̀, abala kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ìtàn tirẹ̀. Ní Itchen Abbas ni Edward Grey, tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè láti 1905 dé 1916, kọ́ ilé kékeré sí ní 1890. Ìwé rẹ̀ ti 1899 ya orí kan sọ́tọ̀ fún eṣinṣin tí ó léfòó. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní Abbots Barton, ni G. E. M. Skues ti pẹja láti 1883 dé 1938. Amòfin ni, ẹ̀rí ni ó ń wá. Ó ń yẹ inú ẹja tí ó bá pa wò, ó sì rí i pé kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1910 àti 1921. Ní 1938, nígbà tí ó ń sún mọ́ ẹni 80 ọdún, ẹgbẹ́ àwọn apẹja ní London pe àríyànjiyàn lórí ọ̀nà rẹ̀. Ọdún náà ni ó fi Abbots Barton sílẹ̀.

Winchester ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù. Inú kàtídírà ìlú náà ni wọ́n sin Izaak Walton sí ní 1683, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìpẹja jáde ní 1653. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Cotton, fi ẹ̀kọ́ eṣinṣin kún un ní 1676. Ìwé ìpẹja mìíràn tí wọ́n tẹ̀ ní 1496 ti ka irú eṣinṣin 12 sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí ó sọ pé kí eṣinṣin má rì. Èèwọ̀ tí wọ́n ń pè ní àṣà àtayébáyé kò tó ọjọ́ orí bàbá Skues! Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Lẹ́yìn ogun, Frank Sawyer, olùtọ́jú odò Avon, tẹ ìwé jáde ní 1958 lórí ẹ̀dà kòkòrò abẹ́ omi tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lónìí, ọ̀nà Skues ti tàn ká ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn abala kan ṣì wà tí eṣinṣin tí ó léfòó nìkan ni wọ́n ń gbà láyè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí a pa èèwọ̀ rẹ́. Ìlú ń fa omi láti inú ẹfun, bí omi bá sì dínkù, ẹja yóò dínkù. Èèwọ̀ Ọ̀ṣun ń dáàbò bo ẹja. Èyí tí wọ́n fi dí Skues lọ́nà, iyì àwọn apẹja ni ó ń dáàbò bò. Bí a bá fẹ́ díwọ̀n èèwọ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: ta ni ó ń ṣọ́, odò ni àbí olódò?