Sachiya Mata Kò Yí Padà Lọ́jọ́ Kan

Bi ọmọ Oswal, àwọn ìdílé tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́sìn Jain, léèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, Osian ni yóò dárúkọ. Ìlú kékeré ni, ó wà nínú aṣálẹ̀ Thar ní Rajasthan, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, bíi kìlómítà 65 sí àríwá Jodhpur. Orí òkè kan níbẹ̀ ni tẹ́ḿpìlì Sachiya Mata, òrìṣà ìdílé wọn, wà. Àtẹ̀gùn gígùn ni wọ́n ń gùn débẹ̀.

Ìtàn wọn dùn. Àlùfáà kan nínú ẹ̀sìn Jain, ẹ̀sìn tó kọ pípa ohun alààyè, ni wọ́n ló wá sí ìlú náà láyé ọba Utpaldev. Ratnaprabhasuri ni orúkọ rẹ̀. Ejò bu ọmọ ọba ṣán (àwọn mìíràn ní àna ọba ni), wọ́n ti gbé òkú jáde kí àlùfáà tó jí i dìde. Bí ọba àti gbogbo jagunjagun Rajput ìlú náà ṣe di ẹlẹ́sìn Jain nìyẹn, tí wọ́n di Oswal. Chamunda, òrìṣà ìlú, tí wọ́n máa ń pa ẹfọ̀n bọ, fárígá. Àlùfáà tù ú títí ó fi gbà láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì di Sachiya.

Kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn kò lè dúró. Ìwé àwọn àlùfáà ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú Mahavira, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn Jain, ni, ìyẹn nǹkan bí 457 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn apìtàn ìdílé ní ọdún 222 nínú kàlẹ́ńdà Vikram ni, tí í ṣe 165 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ẹgbẹ̀ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín méjèèjì! Tẹ́ḿpìlì tó lọ́jọ́ lórí jù ní Osian ò sì ju ọ̀rúndún kẹjọ lọ. Paramara ni wọ́n pe ìdílé Utpaldev, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ò yọjú nínú àkọsílẹ̀ títí di ọ̀rúndún kẹwàá.

Ta ló wá jàǹfààní ọjọ́ àtijọ́ yẹn? Ẹgbẹ́ àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Upakesha Gaccha, tí wọ́n fi orúkọ àtijọ́ Osian sọ ara wọn, ni. Wọ́n ní Parshvanatha, olùkọ́ tó ṣáájú Mahavira, ni baba àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ yòókù gbọ́dọ̀ ní baba ńlá tó dàgbà. Kakkasuri, ọ̀kan lára olórí wọn, kọ ìwé tirẹ̀ lórí ìtàn ẹgbẹ́ náà ní 1336.

Ohun tí òkúta sọ ló wù mí jù. Àkọlé kan nínú tẹ́ḿpìlì Sachiya, ti 1178, sọ pé oníṣòwò kan, Gayapala, fi kún ilé òrìṣà náà, ó sì gbé àwọn òrìṣà Chandika, Shitala àti Kshemankari síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ejò níbẹ̀, kò sí òkú tó jí. Oníṣòwò tó ń náwó sórí òrìṣà rẹ̀ la rí. Ère kan tún wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1180, obìnrin tó jẹ́ àlùfáà Jain ló ṣètò rẹ̀. Sachiya ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹfọ̀n ló ń pa lọ́wọ́! Bí ó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Jain tó kọ̀ láti tẹ èèrà pa ì bá ti ní kí ẹni tó gbẹ́ ère náà yọ ẹfọ̀n kúrò.

Èrò tèmi ni pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìdílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn oníṣòwò, darapọ̀ mọ́ Jain láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì gbé òrìṣà wọn dání. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, adùn dípò ẹran. Ère rẹ̀ ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ìtàn Osian wá so gbogbo wọn pọ̀ lẹ́yìn náà, ó sì fún oníṣòwò ní ẹ̀jẹ̀ jagunjagun, nítorí ní Rajasthan àtijọ́, Rajput ló ń jọba.

Títí di òní, àwọn ọmọ Oswal ń ti ọ̀nà jíjìn gbé ọmọ wá fá irun àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀, ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ náà ń wá kí i. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí wọn ò fìgbà kankan ṣe Jain rí ń gun àtẹ̀gùn kan náà.