Battling Siki: Ìyìn tó pẹ́ kó tó délé

Louis Mbarick Fall, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Battling Siki, jẹ́ ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, èyí tí àwa ń pè ní boxe. Paris ló ti gbà á, lọ́dún 1922. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yìnbọn pa á ní New York, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn fi í ṣe lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe gan-an, ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí, àti ìdí tí ìtàn rẹ̀ fi kan àwa ará Adja-Ouèrè.

Ní ṣókí

- 1897: wọ́n bí i ní Saint-Louis.
- 1914 sí 1918: ó jagun fún Faransé, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ.
- 24 oṣù kẹsàn-án 1922: ó na Georges Carpentier, ó di ọ̀gá àgbáyé.
- 17 oṣù kẹta 1923: ó pàdánù adé náà ní Dublin.
- 15 oṣù kejìlá 1925: wọ́n pa á ní New York. Ọmọ ọdún 28 ni.
- 1993: egungun rẹ̀ padà sílé.

Ibi tó ti wá

Saint-Louis kì í ṣe abúlé inú igbó o. Ìlú ńlá ni, létí odò, ó sì wà lára àwọn ìlú mẹ́rin tí Faransé ń pè ní Quatre Communes: Saint-Louis, Gorée, Dakar àti Rufisque. Àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin yẹn ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, wọ́n sì ní dépíté tiwọn ní Paris. Àwọn baba wa ní Dahomey ò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òfin indigénat ni wọ́n wà: commandant lè jù wọ́n sẹ́wọ̀n láì gbé wọn dé ilé ẹjọ́ kankan, ó sì lè kó wọn lọ síbi iṣẹ́ tipátipá.

Kékeré ni Siki wà nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé. Ó ṣe iṣẹ́ yòówù tó bá rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́ ṣáájú ogun 1914. Nígbà tí ogun dé, ó wọ 8e régiment d'infanterie coloniale. Ó jà débi pé wọ́n fún un ní Croix de guerre àti Médaille militaire. Wọn kì í fi àmì ẹ̀yẹ méjèèjì yìí ta èèyàn lọ́rẹ lásán.

Ogun yẹn kan agbègbè tiwa náà. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ láti Dahomey lọ sógun. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobè, dìde sí ìjọba Faransé láàárín 1914 sí 1916. Lọ́dún 1918, Faransé rán Blaise Diagne, dépíté Sẹ̀nẹ̀gàl, kó wá ọmọ ogun púpọ̀ sí i wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó rí èyí tó lé ní 60,000. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún Faransé, Faransé á kà á sí ọmọ rẹ̀. Siki ti ta ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1922 ló wá rí bí wọ́n ṣe kà á sí.

Ìjà ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án

Georges Carpentier ni ààyò gbogbo Faransé nígbà yẹn. Òun náà jagun, nínú ọkọ̀ òfuurufú. Láti 1920 ló ti di adé àgbáyé mú ní ìsọ̀rí àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju nǹkan bíi kílò 79 lọ. Lọ́dún 1921, ó ré òkun lọ Amẹ́ríkà láti bá Jack Dempsey jà. Dempsey nà án, àmọ́ ìfẹ́ tí àwọn ará ilé ní sí i kò dín kù.

Wọ́n ní kó bá Siki jà ní Stade Buffalo, ní Montrouge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Èrò tó wá kún pápá dẹ́nu. Kò sẹ́ni tó rò pé ìjà yẹn máa le. Lẹ́yìn náà ni Siki wá tú àṣírí: ó ní àdéhùn ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìjà pé kí òun ṣubú fún Carpentier, kí èrò lè rí ìran wò. Ó ní nígbà tí òun dé ojú ìjà, tí ìlù náà pọ̀ lára òun, òun sọ fún ara òun pé òun ò ní dọ̀bálẹ̀ mọ́.

Ní ráúǹdù kẹfà, Carpentier ló ṣubú, kò sì lè dìde. Kí ni arbitre ṣe? Harry Bernstein, tó ń darí ìjà náà, ní Siki fi ẹsẹ̀ kọ́ Carpentier lẹ́sẹ̀, ó sì gba ìjà lọ́wọ́ Siki. Ariwo bá sọ! Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ òyìnbó Faransé, Carpentier ni wọ́n sì wá wò. Àmọ́ wọ́n ti fojú ara wọn rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò gbà. Nígbà tó yá, àwọn adájọ́ yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n gbé adé fún Siki. Ó yẹ ká rántí ìyẹn: àwọn èrò lásán ló kọ́kọ́ ṣèdájọ́ òdodo lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n fi san án fún un

Inú àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn èèyàn dúdú káàkiri dùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Wọ́n ní ọmọ inú igbó ni, wọ́n fi í wé ọ̀bọ tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ fún. Hellers, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, fi ẹnu ara rẹ̀ fi í wé ìnàkí. Siki dá wọn lóhùn. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dun òun, pé ìlú ńlá lòun ti ń gbé láti kékeré, òun ò tiẹ̀ fojú kan igbó rí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìyà dé. Láàárín oṣù díẹ̀, àjọ boxe ilẹ̀ Faransé fẹ̀sùn kàn án pé ó lu ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjà, wọ́n sì dá a dúró. Wọ́n ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó sọ, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ kó bá Joe Beckett jà ní ìparí ọdún 1922; ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á láyè. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni bí ìròyìn ìjà láàárín dúdú àti funfun á ṣe rí létí àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí. Irú ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Jack Johnson, èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1911.

Siki fúnra rẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó máa ń mutí, ó máa ń jà nígboro, owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń mú ọmọ kìnnìún rìn kiri ní Paris. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn abẹ̀ṣẹ́ funfun tó ń mutí pọ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní ọ̀bọ ni wọ́n.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn, àti ọmọ Porto-Novo kan

Ní ìparí ọdún 1922, Blaise Diagne gbé ọ̀rọ̀ Siki dé ilé aṣòfin ní Paris, ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú gbogbo dépíté. Diagne kan náà tó wá kó ọmọ ogun lọ́dún 1918 ni. Ó mọ ìlérí tí wọ́n fi kó wọn lọ.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìjà náà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ilẹ̀ wa. Kojo Tovalou Houénou, agbẹjọ́rò, ọmọ Porto-Novo, ni wọ́n lé jáde nílé fàájì kan ní Montmartre nínú oṣù kẹjọ ọdún 1923, torí pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ ò fẹ́ rí èèyàn dúdú. Lọ́dún 1924, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbèjà àwọn èèyàn dúdú, àti ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Les Continents. Ìwé ìròyìn náà bẹnu àtẹ́ lu Diagne gan-an lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tó kó, Diagne sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ní Dakar ni Tovalou Houénou kú sí, lọ́dún 1936.

Dublin, New York, ikú

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Siki ní Faransé àti Lọ́ńdọ̀nù, ó gbà láti jà ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, lásìkò tí ogun abẹ́lé ń lọ níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni Mike McTigue tó bá jà, ọjọ́ ọdún Saint Patrick, ọjọ́ ńlá ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n sì fi ìjà sí. Wọ́n ja ogún ráúǹdù, wọ́n ní McTigue ló borí. Bí adé ṣe lọ nìyẹn.

Ó kọjá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1923. Ó ja ọ̀pọ̀ ìjà níbẹ̀, àmọ́ kò rí adé gbà mọ́. Lóru ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1925, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́yìn lójú títì kan ní New York. Kò sẹ́ni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ títí dòní.

Ìpadàbọ̀

Nǹkan bí ọdún 68 ló fi sùn sí ilẹ̀ àjèjì ní Queens, ní New York. Ìgbà tí Sẹ̀nẹ̀gàl gba òmìnira lọ́dún 1960, ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1993 ni wọ́n gbé e wá sílé. Lọ́dún 2006, Peter Benson tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa rẹ̀. Ó tú àwọn ìròyìn àtijọ́ wò, ó sì fi hàn pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa Siki jẹ́ irọ́ àti àbùkù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ọ̀rọ̀ Siki kọ́ ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Peter Norman, òyìnbó ará Australia, dúró ti Tommie Smith àti John Carlos lórí pèpéle ní Mexico lọ́dún 1968, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dúdú méjèèjì gbé ọwọ́ sókè nítorí ìyà àwọn èèyàn wọn. Ó kú lọ́dún 2006. Ọdún 2012 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ rẹ̀ tó tọrọ àforíjì. Smith àti Carlos ní tiwọn, ọdún 2019 ni àjọ Olympic Amẹ́ríkà tó fi orúkọ wọn sára àwọn akọni rẹ̀. Níbí ní Benin, Bio Guéra tó bá Faransé jà kú lọ́dún 1916; ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ère rẹ̀ ní Cotonou.

Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ń ran àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, ó ń tún ìtàn ṣe. Ṣùgbọ́n òkú ò mọ iye tí a ra àgọ̀. Siki ò gbọ́ ọ. Norman náà ò gbọ́ ọ.

Kí ló kàn wá?

Siki ní orúkọ torí pé èrò rí i nínú ìjà, tí ìwé ìròyìn sì kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ ní búburú. Àwọn baba wa tí wọ́n bá Faransé jagun, tàbí tí wọ́n kọ̀ láti lọ, kò sẹ́ni tó kọ tiwọn. Bó o bá bi ọ̀dọ́ kan ní Ikpinlè, Massè, Kpoulou tàbí Oko-Akaré léèrè orúkọ baba ńlá rẹ̀ tó lọ sógun, bóyá ló lè sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ ká dúró de ọdún 68. Ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ṣe nìyí:

- Ẹ bi àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù léèrè, kí ọmọ ilé ìwé kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kó fi tẹlifóònù gbà á sílẹ̀: orúkọ, abúlé, ibi tó ti jà, bóyá ó padà wálé.
- Ẹ wo inú àpótí. Livret militaire, médaille, fọ́tò àtijọ́: ẹ ya fọ́tò wọn kí ikán àti òjò tó jẹ wọ́n.
- Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mémoire des hommes, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ológun Faransé, ní àkọsílẹ̀ àwọn tó kú nínú ogun 1914 sí 1918. Ẹ kì í sanwó. Àmọ́ bí orúkọ ṣe dún létí òyìnbó ni wọ́n ṣe kọ ọ́, torí náà ẹ wá Ògúndélé sí Ogoundélé, ẹ wá Ọláńrewájú sí Olanrewadjou.
- Archives nationales tó wà ní Porto-Novo náà ní ìwé ìgbà Faransé. Olùkọ́ tàbí ọmọ fásitì ìdílé yín lè bá yín lọ.

Bí ẹ bá ti rí orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú abúlé kan, ẹ kó wọn lọ fún olóyè abúlé àti mairie, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n lè fi sórí ògiri tàbí sí orúkọ òpópónà. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè, wọn ò sì pọ̀ mọ́.