Àwòrán Nínù: Ìtàn Ọnà Yíyọ Ọ̀dà Kúrò

Nínú ọnà àwòrán nínù, ayàwòrán á kọ́kọ́ fi ọ̀dà bo gbogbo ojú pátákó tàbí kánfáàsì, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa nù ún, tí yóò máa ha á, tí yóò sì máa yọ ọ́ níbi tí ó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibi tí ọwọ́ kò kàn ni òkùnkùn àwòrán náà, funfun ìsàlẹ̀ tó bá sì yọjú ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí babaláwo tó ń fi ìka tẹ odù lórí ọpọ́n ti mọ ìlànà yìí: ibi tí ìka bá ti sún ìyẹ̀ròsùn kúrò, tí ojú igi ọpọ́n hàn, ibẹ̀ ni àmì náà wà. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ròsùn ṣeé tẹ̀ nígbàkúgbà. Ọ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gbẹ. Iye àkókò tí ọ̀dà fi ń wà ní tútù ni ó ti ń pinnu ohun tí ọwọ́ lè ṣe nínú ọnà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró, tí àwọn ará Yúróòpù ń fi òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ pò, fún ọwọ́ láyè dáadáa. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un dì díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ní nǹkan bí ọdún 1628, nígbà tí ayàwòrán Rembrandt jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni nǹkan bí ọdún 22, ó ya ara rẹ̀ sórí pátákó kékeré kan tí ó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam lónìí. Òjìji bo ojú rẹ̀ débi pé agbára káká ni a fi ń rí ẹyinjú. Irun orí rẹ̀ tó rí wúruwùru ni ìmọ́lẹ̀ bà lé. Ìdí búrọ́ọ̀ṣì ni ó fi ha irun náà jáde nínú ọ̀dà tútù, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ fi yọ.

Láàárín ọdún 1640 sí 1650, Giovanni Benedetto Castiglione, ọmọ ìlú Genoa ní Ítálì, fi yíyọ nìkan ṣe odindi àwòrán. Ó kun tàdáwà dúdú tó ní òróró sí ojú awo bàbà, ó fi igi ṣóńṣó, àkísà àti ìka yọ ọ́ kúrò, ó sì tẹ bébà lé awo náà kí tàdáwà tó gbẹ. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá Ádámù, tí ó wà ní Art Institute of Chicago, níbi tí Ọlọ́run àti ènìyàn ti jáde ní ìlà funfun láti inú dúdú biribiri. Ẹ̀dà kan péré tó dára ni irú awo bẹ́ẹ̀ ń mú wá, nítorí bébà àkọ́kọ́ ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú tàdáwà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní monotype, ìyẹn ẹ̀dà ẹyọ kan.

Ó lé ní igba ọdún kí ọ̀nà yìí tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní Paris, Ludovic Lepic ni ó fi í han ayàwòrán Edgar Degas, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí àwòrán olùkọ́ ijó tí Degas ṣe ní nǹkan bí ọdún 1876. Láti ìgbà náà, Degas ṣe irú iṣẹ́ yìí tó lé ní 300. Ó ya àwọn obìnrin nínú yàrá tí kò ní ju iná àtùpà kan lọ: ẹni tó ń wẹ̀, ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí ibùsùn. Àkísà ni ó fi ń nu ẹ̀yìn àti èjìká wọn jáde, ìka ni ó sì fi ń rọ etí ìmọ́lẹ̀ náà. Títí di òní, ojú ìka rẹ̀ ṣì hàn lórí bébà níbi púpọ̀. Nígbà mìíràn, yóò tún tẹ bébà kejì lé awo náà, yóò sì fi ẹfun aláwọ̀ kun ẹ̀dà tó ti ṣá náà.

Ọ̀dà ákírílíkì ni ó wá gba àkókò tí ọ̀dà fi ń wà ní tútù lọ́wọ́ ayàwòrán. Ike ni ó so àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, omi ni wọ́n sì fi pò ó. Ilé iṣẹ́ Rohm and Haas ní Philadelphia ni ó gbé ike olómi tí ó bá iṣẹ́ náà mu jáde ní ọdún 1953. Ní ọdún 1955, Henry Levison ní Cincinnati fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀dà Liquitex fún àwọn ayàwòrán. Nígbà tí omi bá ń gbẹ kúrò lára ọ̀dà yìí, àwọn hóró ike kéékèèké á sún mọ́ra, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra di awọ kan tí omi kò lè tú mọ́. Bí wọ́n bá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹni tó fẹ́ kun àwọ̀ lé àwọ̀ ní kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ nu ọ̀dà kúrò á ti bá a ní gbígbẹ.

Jack Whitten, ọmọ Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Bessemer ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ọdún 1939, bá ìyára náà rìn. Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1970, ó tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì da ọ̀dà ákírílíkì lé e ní ìpele-ìpele. Ó kan irinṣẹ́ onígi kan tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó pè ní developer, bí ẹni pé fọ́tò ni ó fẹ́ fọ̀. Ó wọ́ ọ kọjá lórí ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ohun tí ó wọ́ lọ ṣí àwọ̀ ìsàlẹ̀ payá, àwòrán sì dé. Ó tún máa ń fi òòyà ya ojú ọ̀dà bí ẹni ń ya irun. Iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó ṣe ní 1974, Siberian Salt Grinder, wà ní Museum of Modern Art ní New York.

Àwọn tó fẹ́ fara balẹ̀ nu ọ̀dà bí Degas ti ń ṣe ṣì nílò ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ ń ra èròjà adẹ́kun-gbígbẹ láti pò mọ́ ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ojú ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́wọ́. Ní ọdún 2008, Golden Artist Colors, ilé iṣẹ́ tí Sam Golden àti ẹbí rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìgbèríko New Berlin ní ìpínlẹ̀ New York ní 1980, gbé ọ̀dà OPEN jáde. Yàtọ̀ sí omi, ó ní èròjà glycol tó ń fẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí náà ọ̀dà náà lè wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kódà fún ọjọ́ mélòó kan bí ó bá nípọn.

Ojú tó dán, tí kì í fa omi mu, ni iṣẹ́ nínu ọ̀dà OPEN fẹ́, kí funfun ìsàlẹ̀ má baà mu àwọ̀. Ayàwòrán á tẹ́ ọ̀dà kan tó ṣókùnkùn lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àkísà gbígbẹ ni ó ń fi ṣí ibi gbòòrò, bí ojú ọ̀run tàbí iwájú orí. Búrọ́ọ̀ṣì tó lọ́rinrin díẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ jáde, igi ṣóńṣó sì ń fa ìlà irun àti koríko. Bí ọwọ́ bá ṣì í, á fi ọ̀dà bo ibẹ̀ padà, á sì tún un nù. Bí glycol ti ń fẹ́ lọ, ọ̀dà á máa le, á máa di ọwọ́ mú, títí àkísà kò fi ní gbé nǹkan kan mọ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí a kò bá tíì ṣí di ìgbà náà ti wà lábẹ́ awọ ike.